Òrùlé Bọ́ọ̀sì Màámi

Wọ́n gé òrùlé bọ́ọ̀sì Màámi lónìí.

Bọ́ọ̀sì àtijọ́ ni. Bàbá mi ló yọ àga inú rẹ̀, tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, tí Màámi fi ń ta aṣọ láti Kàbà títí dé Ìsánlú. Màámi ti kú báyìí. Bàbá fẹ́ máa fi kó èrò lọ sí Lọ́kọ́ja, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń mu epo jù, kò sì lè sáré lójú títì.

Mẹkáníìkì tí Bàbá gbé e lọ bá yí i po, ó wo òkè, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, òrùlé yìí ti ga jù! Atẹ́gùn ló ń dì í mú. Àbí ẹṣin lẹ fi ń kó ni?"

"Ìyàwó mi ló ga," ni Bàbá wí. "Mi ò fẹ́ kó máa tẹrí ba tó bá ń tajà."

Ẹ̀rín pòórá lójú mẹkáníìkì. "Ẹ okun, Bàbá," ó fi ìkíni ilẹ̀ wa bá a kẹ́dùn. "Ẹ má bínú."

"Pe wẹ́dà wá kó gé e," ni Bàbá wí.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wẹ́dà ti gé e wálẹ̀, ó ti jó o padà. A wà á dé ọ̀nà Ìyàrá, ó ń sáré bíi tuntun.

A délé, mo wọ inú rẹ̀ láti gbálẹ̀. Mo nàró, mo forí gbá irin gbàù. Mo ga bíi Màámi.

Bàbá sáré wá, ó di orí mi mú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mi ò rò tìẹ rárá."

Ló bá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ń sunkún. Kò sunkún lọ́jọ́ tá a sin Màámi.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ti sunkún lójú yín rí, kí lẹ sọ fún un?