Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Ń Sọ Pé Kò Dùn

Kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó mi ní gbogbo Mowé àti Ìbafò. Mi ò fọ́nnu o, ẹ lọ bi ọ̀gá wa. Tí wọ́n bá ti na kánópì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọ́n tan sípíkà, tí mo gba máìkì báyìí, àwọn tó ń sáré kí wọ́n má pẹ́ dé Èkó gan-an á dúró. Ọjà ọ̀fẹ́ là ń pín. Ilé iṣẹ́ tó bá gbé nǹkan tuntun jáde, ì báà jẹ́ tíì, mílíkì, ọṣẹ, kúùbù ìsebẹ̀, wọ́n á dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, wọ́n á ní ká fún aráàlú, ká wá bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí sí i?"

Ìbéèrè yẹn ló ń pa wá. Yorùbá kì í bú ohun tí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ. Ẹ fún ìyá kan ní tíì tó korò bí jogbo, á mu ún, ojú ẹ̀ á fún pọ̀, á wá ní, "Ó dáa o, ọmọ mi. Ọlọ́run á bù sí i fún yín."

Mo á ní, "Màmá, ẹ sọ òótọ́, inú ò ní bí wa."

"Òótọ́ náà ni mo sọ. Ẹ fún mi ní ti ìyá ọkọ mi kún un."

Mẹkáníìkì kan wà ní Ìbafò tí mo há mọ́ ìdí ọkọ̀ pé kó sọ tinú ẹ̀. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé kí n gba nǹkan lọ́wọ́ yín tán, kí n tún wá máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú? Ṣé ilé tí wọ́n ti tọ́ ẹ nìyẹn?" Gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe di pé kò sí ọjà tí kò dùn ní Ìbafò nìyẹn. Ọ̀gá wa á wo ohun tá a mú bọ̀, á mi orí, á ní, "Ẹ tún ti lọ kó àdúrà wá fún mi."

Èmi ò kí ń bo nǹkan ní tèmi. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tá a pín ní Mowé, hó ló mọ̀ ọ́n hó, kò mọ aṣọ ọ́n fọ̀. Mo fi fọ pólò iṣẹ́ mi, ìfófòó kún inú báfù dẹ́nu, ìdọ̀tí ọrùn aṣọ sì wà níbẹ̀ bí ẹni sanwó ilé. Tíì kan wà tí wọ́n ní atalẹ̀ wà nínú ẹ̀. Atalẹ̀ kan ṣoṣo tí mo rí ni èyí tí wọ́n yà sára páálí. Núdù kan wà, òun dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán á ṣì máa bèèrè oúnjẹ. Kúùbù ìsebẹ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé iyọ̀ lásán ni wọ́n kùn láwọ̀.

Mi ò parí ìwé. Jíjókòó sójú kan máa ń sú mi, mo sì já a jù sílẹ̀. Àmọ́ ẹnu tí mo fi ń mọ ohun tó dáa, kì í ṣe ilé ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́ mi ní Ìfọ̀.

Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ń tà, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn kì í pè é ní mọ́ínmọ́ín, ọ̀lẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ewé ni wọ́n fi ń pọ́n ọn, wọn ò gba ọ̀rá, wọn ò gba agolo. Nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní kékeré, tí wọ́n bá ti po ẹ̀wà lílọ̀ tán, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn, wọ́n á pè mí, wọ́n á kán díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́.

"Lá a. Kí ló kù?"

Tí mo bá ní, "Ó dùn, Màmá," ìkó á ti bà mí lórí.

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó dùn. Ó dùn kì í ṣe ìdáhùn. Kí ló kù?"

Mo á wá ronú. Mo á ní iyọ̀ kù, tàbí àlùbọ́sà ti pọ̀ ju ata lọ. Wọ́n á mi orí, wọ́n á tún un ṣe. Oníbàárà wọn tó bá pẹ́ dé, òórùn ewé nìkan ló máa bá.

Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pípín ọjà ọ̀fẹ́ yìí, kò sí ohun tá a pín tí mi ò mú lọ fún wọn. Mo á wọkọ̀ láti Ìbafò gba Èkó kọjá dé Ṣàngó, mo á tún wọ ti Ìfọ̀. Wọ́n á jókòó lórí àpótí wọn, wọ́n á tọ́ nǹkan náà wò, wọ́n á dijú.

"Mílíkì lẹ pe èyí? Omi ẹfun ni. Ẹ sọ fún wọn pé màlúù ò dé ibẹ̀ rí."

Ti tíì alátalẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Ọkọ mi, ṣé wọ́n rẹ aṣọ sínú ẹ̀ ni?"

Mo á rẹ́rìn-ín títí omi á bọ́ lójú mi. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa. Ó di pé tí ọjà tuntun bá ti dé, ọ̀gá wa á ní, "Màmá Ìfọ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?" Orí mi á wú. Nínú gbogbo àwa tá à ń pín nǹkan, èmi nìkan ni mo ní ẹni tó ń sọ pé kò dùn.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú wọn. Ó mú wọn dáadáa, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n tún dìde. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní ara wọn ti yá. Èmi náà lọ, mo rí wọn lórí àpótí wọn nídìí ọ̀lẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kì mí, wọ́n bú mi pé mo ti gbẹ. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí.

Mo mú bisikíìtì kan wá. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Ó dùn, ọkọ mi."

Mo ní, "Háà! Màmá, ẹ̀yin ni?"

"Ó dùn. Sọ fún wọn pé ó dùn."

Nígbà tí mo tún lọ, mo mú núdù, wọ́n ní ó dùn. Mo mú kúùbù ìsebẹ̀ tó jẹ́ iyọ̀ lásán yẹn, wọ́n ní ó dáa. Inú mi tiẹ̀ ń dùn. Mo ní ilé iṣẹ́ ti gbọ́n, wọ́n ti lọ tún un ṣe, ojú wọn ti là.

Ti mílíkì ló là mí lójú. Mílíkì olómi ni, inú ọ̀rá. Oòrùn pa á nínú báàgì mi láti Ìbafò, gosiló ká wa mọ́, ọkọ̀ ò rìn. Nígbà tí mo dé Ìfọ̀, mo já a, mo dà á sínú ife fún wọn, mo yíjú láti bá oníbàárà wọn kan ṣàwàdà. Kí n tó padà, wọ́n ti mu ún, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀.

"Màmá, báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn."

Mo gbé ife náà sẹ́nu kí n fi ìyókù kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Mo tu ú dànù lójú ẹsẹ̀. Ó ti kan. Kì í ṣe kíkan díẹ̀ o, ó ti dì ní kóro-kóro. Ọmọ ológbò ò ní mu ún. Mo wojú wọn. Wọ́n fi etí ìró nu ẹnu wọn jẹ́jẹ́, wọ́n ń wo ọ̀nà bóyá oníbàárà ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo inú abọ́ ọ̀lẹ̀ wọn. Oòrùn ti kan àtàrí, abọ́ ṣì kún. Mo mú ọ̀kan, mo tú ewé ẹ̀, mo bù ú sẹ́nu. Iyọ̀ yẹn bí ẹni lá òkun. Mo fipá gbé e mì.

Mo dìde lọ bá obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tí wọ́n ti jọ ń tajà tipẹ́.

"Ẹ ǹlẹ́ mà. Ṣé ẹ ti jẹ mọ́ínmọ́ín Màmá láìpẹ́ yìí?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ náà ti jẹ ẹ́?"

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ìyá tó tó ìyá tó bí mi lọ́mọ? Kí n wá la ẹnu pé ọ̀lẹ̀ yín ò dùn?" Ó ń to ẹ̀kọ tó ti tò tẹ́lẹ̀. "À ń rà á. Gbogbo wa là ń rà á, torí ojú wọn. Adìyẹ ló ń jẹ ẹ́ nílé mi."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá ní kí n fi sùúrù ṣe, ìdàkudà ni mo máa ń ṣe é. Ọjọ́ yẹn, mo fẹ́ ṣe sùúrù. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn, èmi ọkùnrin, mo ṣí ẹnu, ọ̀rọ̀ sì jáde bó ṣe máa ń jáde.

"Màmá, iyọ̀ ọ̀lẹ̀ yìí ti pọ̀ jù."

Wọ́n wò mí. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n tú ewé ẹ̀ fara balẹ̀, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, wọ́n dijú bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun wọn. Wọ́n la ojú.

"Ṣé ó pọ̀ ni?"

"Ó pọ̀, mà."

"Pé kò ṣeé jẹ?"

Mo ní, "Kò ṣeé jẹ."

"Wọ́n mà ń rà á."

"Torí ojú yín ni, Màmá."

Wọ́n yíjú sí ẹlẹ́kọ. Ẹlẹ́kọ bojú wolẹ̀. Wọ́n tún yíjú padà sí mi.

"Mílíkì ẹ̀ẹ̀kan ńkọ́?"

"Ó ti kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Wọ́n ní, "Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn ni. Gbogbo nǹkan rí bí ìwé lẹ́nu mi. Mo ní kò burú, ẹnu lásán ló lọ, ọwọ́ mi ṣì mọ ìwọ̀n iyọ̀. Ọdún mélòó ló ti ń bù ú."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ń sọ fún mi pé ó dùn?"

"Kí ni kí n sọ? Ohun tí mi ò tọ́ mọ̀, ṣé kí n máa bú u? Kí wọ́n wá lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ torí irọ́ mi?"

Mo ní, "Màmá, màá máa wá. Màá máa bá yín tọ́ ọ wò."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá iyanrìn kúrò ní orúnkún mi. "Ojoojúmọ́ ni mò ń po ẹ̀wà, ọkọ mi. Ìwọ tí ìdí ẹ kì í gbé ilẹ̀."

A máa na kánópì ní Mowé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n sì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò lè tọ́ ọ wò fún wọn, kùtùkùtù ló ń jáde lọ síbi iṣẹ́ tiẹ̀ ní Ṣàngó.

Wọ́n bo abọ́. Wọ́n pe ẹlẹ́kọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun o. Ẹ ò fẹ́ dójú tì mí, Ọlọ́run ò ní dójú tì yín. Àmọ́ ẹ ti jẹ́ kí n pẹ́ jù níta nídìí ohun tí kò ṣeé jẹ." Ẹlẹ́kọ kúnlẹ̀, ó ń sunkún, wọ́n ní kó dìde, pé oníbàárà ẹ̀ ń dúró.

Nígbà tá a délé, wọ́n fọ ìkòkò ọ̀lẹ̀ fúnra wọn. Wọn ò jẹ́ kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Wọ́n dojú ẹ̀ dé sẹ́yìnkùlé.

A gbé wọn lọ ọsibítù. Àwọn dókítà fún wọn lóògùn, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, pé adùn ẹnu ẹlòmíì máa ń padà, ti ẹlòmíì kì í padà. Tiwọn ò tíì padà. Oúnjẹ ò wù wọ́n mọ́, ọwọ́ wọn ti tín-ín-rín, òrùka ọwọ́ wọn ń yọ bọ́. Mo ṣì ń mú ọ̀fẹ́ lọ. Wọn kì í tọ́ ọ wò mọ́, èmi ni wọ́n ń ní kí n tọ́ ọ wò.

"Lá a. Kí ló kù?"

Mo á wá máa ṣàlàyé. Mo á ní péètì ìfọyín yìí tutù, Màmá, ó ń ta yẹ́ríyẹ́rí lẹ́bàá ahọ́n. Èmi tí máìkì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, mo á máa wá ọ̀rọ̀. Wọ́n á dijú, wọ́n á máa gbọ́.

Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, obìnrin tuntun kan ti jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó tẹ́lẹ̀, mọ́ínmọ́ín lòun náà ń tà. Màmá ní kí n lọ rà á wá. Mi ò fẹ́ lọ, wọ́n rán mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo rà á, mo jókòó síwájú wọn, mo tú u. Mo jẹ ẹ́.

"Ṣé ó dùn ju tèmi lọ?"

Mo ní, "Ó dùn ju ti ìkẹyìn yẹn lọ."

Wọ́n mi orí. "Ti tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kò dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, Màmá."

"Kí ló kù?"

Mo tún bù ú sẹ́nu, mo fara balẹ̀ jẹ ẹ́. Mo ní, "Wọn ò rẹ ẹ̀wà yẹn pẹ́ nínú omi kí wọ́n tó bó o. Ata ẹ̀ tètè dé, kò pẹ́ lẹ́nu. Iyọ̀ ẹ̀ tó."

"Iyọ̀ ẹ̀ tó," ni wọ́n wí. "Lọ sọ ti ata yẹn fún un. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ níta."

Mo dìde, mo lọ.