Ẹni Tó Ń Gbé Sewedo Lọ sí Ilé Ìwé

Ìyàwó àbúrò mi ni Ablavi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń bí mi nínú. Ará Alada ni, níbi tí wọ́n ti ń gbin ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tí èèyàn lè rìn láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan omi. Àbúrò mi Zanu rí i lọ́jà Kalavi, ó fẹ́ ẹ, ó sì gbé e wá bá wa ní Ganvie, níbi tí gbogbo ilé ti dúró lórí òpó láàrin omi. Lọ́jọ́ tó dé, ó di òpó ilé mú, ó ní òun ò ní í sọ̀kalẹ̀ mọ́ láéláé. A rẹ́rìn-ín. A rò pé ó ń ṣàwàdà ni.

Ọdún ń gorí ọdún, Ablavi ò mọ ọkọ̀ wà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ní Ganvie, ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ á gbé àjẹ̀, á wa ọkọ̀ lọ ra iyọ̀. Ìyá àgbà tí kò ríran mọ́ á wa ọkọ̀ lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àfi Ablavi. Bó bá fẹ́ ra ata, á dúró lórí pákó iwájú ilé, á máa pe àwọn tó ń tajà kọjá. Bó bá fẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, tílé mi sì kọjú sí tiwọn gan-an, á figbe bọnu: "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi!" Màá kọ́kọ́ bú u kí n tó gbé e.

Dosi ni ìyálé rẹ̀. Ọmọ omi ni Dosi, orí omi ni wọ́n bí i sí. Kò bímọ. Nígbà tí Ablavi bí Sewedo, Dosi ló ń wẹ̀ ẹ́, Dosi ló kọ́ ọ ní ìlúwẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọmọ náà wá tó ilé ìwé lọ, ta ni yóò máa gbé e lọ? Bàbá rẹ̀ á ti wà nídìí àwọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù omi. Dosi ní, "Èmi náà rèé." Ó tẹ́ ẹní kékeré kan síwájú ọkọ̀ rẹ̀ kí aṣọ ilé ìwé ọmọ má baà tutù, ó ń gbé e lọ láràárọ̀, ó ń gbé e bọ̀ lọ́sàn-án.

Wọ́n ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀rùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo wà nílé wọn, mò ń yan ẹja. Sewedo gun àkàbà wọlé, ó sáré lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màámi, olùkọ́ wa yin ìyá mi lónìí!"

Ablavi rẹ́rìn-ín. "Ó yìn mí? Kí ló wí?"

"Ó ní nínú gbogbo àwọn ìyá, kò sí ẹni tó mọ ọkọ̀ wà tó ìyá mi. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni agogo máa ń bá a."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ablavi. "Ìyá rẹ wo?"

Ọmọ náà wo ojú rẹ̀. Nínú yàrá kejì, Dosi rẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, inú rẹ̀ ló dùn. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ablavi jókòó tì mí. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, mò ń jowú. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo rọbí. Èmi ni mò ń fọ aṣọ ilé ìwé yẹn, èmi ni mò ń lọ̀ ọ́, èmi ni mò ń di irun orí ọmọ. Ẹnì kan wá jókòó sínú ọkọ̀ lásán, ló bá di ìyá!"

"Ìwọ náà kọ́ ọkọ̀ wíwà."

"Omi á gbé mi lọ."

"Pa ẹnu ẹ mọ́ nígbà náà."

Kò kọ́ ọkọ̀ wíwà, kò sì pa ẹnu mọ́. Ó dá ọmọ dúró sílé. Lọ́jọ́ kejì, Dosi wa ọkọ̀ dé abẹ́ àkàbà: "Sewedo, máa bọ̀ o, oòrùn ti yọ!" Ablavi yọrí, ó ní inú ń run ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní wọn ò tíì dirun rẹ̀ tán. Ìgbà tó yá, ó ní òjò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ rekete. Nígbẹ̀yìn, kò wá àwáwí kankan mọ́. "Ọmọ mi ò lọ," ló ń wí, ó sì ń tẹ ẹnu mọ́ "ọmọ mi" yẹn kí Dosi lè gbọ́ ọ dáadáa. Sewedo á wọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, á jókòó sórí pákó, á máa wo ọkọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Mo lọ ká Zanu mọ́ ibi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe. "Ìwọ bàbá, ọmọ rẹ ò lọ sí ilé ìwé mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin nìyẹn. Wọ́n á parí ẹ láàrin ara wọn."

"Àwọn obìnrin nìkan ló lọ́mọ ni? Gbé ọmọ rẹ lọ!"

"Ta ni yóò wá bá mi kó ẹja?"

"Ó dáa. Kí ẹja máa tọ́jú rẹ tí o bá darúgbó." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́. Àwọn ọmọ aládùúgbò ló rán. Wọ́n dúró sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n pariwo rẹ̀ sókè: bí ìyá Sewedo ò bá mú un wá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tọ́mọ fi ń jókòó sílé, wọ́n á fún ọmọ mìíràn ní àyè rẹ̀. Ọmọ tó ń wá àyè pọ̀. Wọ́n wá kọjú sí fèrèsé Dosi: "Ìyá Sewedo, ọ̀gá ń pè yín o!" Òkè orí wọn gan-an ni Ablavi dúró sí, lórí pákó. Wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ablavi kọjú sí ògiri nínú yàrá, ó ní òun ò lọ, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lọ. Mo fa Sewedo lọ́wọ́, mo sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ Dosi. Mo ní, "Gbé e lọ. Àyè ọmọ yìí ò gbọdọ̀ bọ́."

Ablavi gbọ́ ìró àjẹ̀, ó sáré jáde. Ó rí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní kékeré yẹn.

"Dosi! Gbọ́mọgbọ́mọ! Dá ọmọ mi padà!"

Dosi ò wẹ̀yìn. Ni Ablavi bá gba orí àkàbà sọ̀kalẹ̀, òun nìkan, ó bọ́ sínú ògbólógbòó ọkọ̀ Zanu, ó gbé àjẹ̀, ó ń wà á kíkankíkan. Ọkọ̀ ò kúrò níbì kan. Kò tú okùn rẹ̀ lára òpó.

"Okùn! Tú okùn, ìwọ obìnrin yìí!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ó tú u. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wà á sí, ọkọ̀ sì ń yí ilé po. Mo wọ ọkọ̀ tèmi tẹ̀ lé e. "Ọ̀tún! Òsì! Ọ̀tún! Òsì!" Ó já sáàárín ẹ̀ka igi tí Baba Agosu rì sómi kí ẹja lè máa bí síbẹ̀. Baba náà fò dìde nínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ta ni wèrè yìí? Ó fẹ́ lé gbogbo ẹja mi lọ!"

"Ẹ má bínú, Baba! Ilé ìwé ni mò ń lọ!"

"Pẹ̀lú ọjọ́ orí ẹ?"

Ó fi ọ̀pá tì í jáde, ó ń bú u. Gèlè Ablavi ti bọ́ sómi. Ó ń sunkún, ó sì ń wa ọkọ̀. Mo ní kí n so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ tèmi, ó jágbe mọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tá a dé, ọ̀gá ilé ìwé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Dosi àti Sewedo wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá Sewedo, kí ló dé tọ́mọ ò fi wá?"

"Ara rẹ̀ ni ò yá, ọ̀gá." Dosi ò tú Ablavi fó.

Àwọn ọmọ kóra jọ sójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọkọ̀ tó ń pòòyì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wo ìta. "Ta ni obìnrin yẹn?"

Dosi mọ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó kàn di èjìká ọmọ mú.

"Màámi ni," Sewedo dáhùn. "Kò mọ ọkọ̀ wà."

Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ di imú ọkọ̀ mú kí ìyá rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀. Ablavi gun òkè pẹ̀lú aṣọ tó ń ro tótó. "Ọ̀gá, irọ́ ni, ara ọmọ yá. Èmi ni mo dá a dúró. Owú ni. Mò ń jowú ẹni tó ń gbé e wá."

Ọ̀gá wo àwọn méjèèjì. Ó ní ọmọ ṣì ní àyè, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa gbé e wá láti ọ̀la?

"Èmi," Ablavi wí.

Òun náà ló sì ń gbé e lọ. Wọ́n á gbéra kí àwọn yòókù tó jí, nítorí ó ṣì máa ń pòòyì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Sewedo á jókòó síwájú, á máa pàṣẹ: "Ọ̀tún, màámi! Òsì!" Aṣọ rẹ̀ á rin gbingbin. Kò bìkítà.

Dosi náà á gbéra. Ó ní ọjà lòun ń lọ. Á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀, òun tó lè yà wọ́n sílẹ̀ nígbàkigbà. Ojú tí Ablavi fi ń wo ọkọ̀ Dosi nígbà kan, ojú yẹn ni Dosi fi ń wo tirẹ̀ báyìí. Mo sì máa ń kígbe sí i láti ojú fèrèsé mi: "Dosi, ẹ̀yìn rẹ lọjà wà o! Ṣé o ti gbàgbé ọ̀nà ni?" Á túbọ̀ máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo wa ọkọ̀ mi lọ bá a kí n lè fi í ṣẹ̀sín lójúkojú. Mo bojú wo inú ọkọ̀ rẹ̀. Kò sí apẹ̀rẹ̀, kò sí ẹja. Ẹní kékeré yẹn ló wà níwájú, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbẹ. Mo kí i káàárọ̀, mo sì yí ọkọ̀ mi padà.