Iná Yẹ́lò Tí Wọ́n Gbá Nítorí Àlejò

Sirajudeen, ọkọ àbúrò mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé mo kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, oníwà pẹ̀lẹ́. Bí ó bá ń kí àgbà, àyà rẹ̀ á kan ilẹ̀. Gbogbo wa la máa ń yìn ín pé ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ̀kọ́ ilé ọ̀hún náà ló dá wa lóró.

Kọ̀ǹpútà ló ń ṣọ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ṣàngó. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka ní Alápòtí, ibẹ̀ sì ní sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ sí ọ̀kan, èkejì á dà á kọ. Bí wáyà bá já, ọ̀rọ̀ tuntun á dúró síbi tó wà, iná yẹ́lò á sì tàn lójú kọ̀ǹpútà Sirajudeen. Ó lè ní sùúrù títí wáyà á fi padà. Ó sì lè pàṣẹ pé ohun tó wà ní Ṣàngó nìkan lòótọ́, kí ó bo ti Alápòtí mọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé èyí fún mi, nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́jọ́ náà, katakata àwọn tó ń la ọ̀nà fa wáyà Alápòtí já. Fóònù pàápàá ò wọlé. Alápòtí gan-an ni Ruqoyah àbúrò mi ti ń gbàtọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kan, ojú rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa. Ọlọ́run yọ ọ́. Wọ́n dá a dúró títí ara rẹ̀ fi balẹ̀, nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé abẹ́rẹ́ yẹn ò bá ara rẹ̀ mu rárá, kí ẹnikẹ́ni má fún un mọ́.

Ní Ṣàngó, iná yẹ́lò tàn. Sirajudeen ní kí wọ́n dúró de wáyà. Àmọ́ ọ̀gá wọn, Dókítà Ọláníyan, ń retí àlejò láti Èkó, àwọn tó fẹ́ bá a dòwò pọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ wá: bí àlejò bá ń bọ̀, a ó gbálẹ̀, èyí tí a ò rí kó dànù, a ó gbá a sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ rí yẹ́lò kankan. Sirajudeen ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá tún un sọ, àwọn àlejò sì ti ń wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ó sì tẹ àṣẹ náà pé ti Ṣàngó nìkan lòótọ́. Iná yẹ́lò kú. Wọ́n gbé mínírà fún àlejò.

Kò pẹ́ tí wáyà padà. Ká ní ó ní sùúrù ni, ọ̀rọ̀ Alápòtí ì bá wá fúnra rẹ̀. Ti Ṣàngó ló lọ bò ó mọ́lẹ̀, ó pa ohun tí nọ́ọ̀sì kọ rẹ́.

Lọ́sàn-án, ọ̀kadà tó ń gbé Ruqoyah bọ̀ wálé ṣubú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Ṣàngó. Wọ́n gbé e wọ ilé ìwòsàn ọkọ rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yẹ kọ̀ǹpútà wò, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ kan náà nítorí ọgbẹ́. Àbúrò mi ò jí mọ́.

Dókítà Ọláníyan wá síbi fídáù. A nu àga fún un. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Mo dìde, mo bi Sirajudeen lójú gbogbo ayé:

"Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́?"

"Àǹtí Naimat, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn."

Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó tẹrí ba. Nígbà tí ọ̀gá ń lọ, Sirajudeen sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà."