Ìkúnlẹ̀ Àrìnkẹ́ ní Ìlú Àwọn Ère Aláìlórí

Ààlọ́ ò!

Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́. Ohùn yín dà bí ohùn ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ààlọ́ ò!

Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlọ́ mi ń yí gbirigbiri bọ̀, ó gba orí òrùlé Ṣógúnlé kọjá, kò yà kí ìjàpá, kò yà kí ìyàwó rẹ̀, ó wá balẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn búlúù yẹn, èyí tí ẹ̀yin ọmọ yìí máa ń gbá bọ́ọ̀lù lù. Ta ló ń gbé ibẹ̀?

"Ìyá Fawziyyah!"

Òun náà ni. Àrìnkẹ́ ni ìyá tó bí i fi ń pè é ní Ọ̀yọ́. Ameenat, tún ohun tí o bi mí lánàá bi mí.

"Mo ní kí ló dé tí wọn kì í jáde mọ́."

Ó dáa. Kọ́láolúwa, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lára ọmọlọ́mọ. Ẹ fetí sílẹ̀.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Àrìnkẹ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí aṣọ ni gbogbo àdúgbò ṣe mọ̀ ọ́n. Bí obìnrin Mùsùlùmí kan bá kú láti Ṣógúnlé títí dé Màfolúkù, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí pé kó wá wẹ òkú. Ẹ má ranjú mọ́ mi bẹ́ẹ̀ yẹn, kò sí òkú kankan tó ń bọ̀ níbí. Mo ti bá a lọ rí, mo bá a bu omi. Á fi aṣọ bo olóògbé náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀, abẹ́ aṣọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ti máa ṣiṣẹ́, kí ojú má baà rí ìhòòhò ẹni tí kò lè bo ara rẹ̀ mọ́. Omi rẹ̀ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Á sì máa bá ẹni náà sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gbọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo fẹ́ gbé apá yín. Ẹ má bínú, omi rèé." Ohun yòówù kó rí lára wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí. Abọ́ funfun kan ló fi ń ṣe é, abọ́ tánganran tó ní etí búlúù. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣì máa rántí ibi tí ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Salimat, ìyá Àbdùlgàfár. Wọ́n jọ ti Ọ̀yọ́ wá ni, ìyàwó tuntun làwọn méjèèjì nígbà náà. Àdéhùn tó wà láàárín wọn ni pé èyí tó bá ṣáájú lọ, èkejì ni yóò wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àìsàn wá dé sí ọmú Salimat, tí wọ́n gé ọ̀kan kúrò nílé ìwòsàn, Àrìnkẹ́ nìkan ló ń tú báńdééjì rẹ̀. Salimat kò jẹ́ kí ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ rí ojú ọgbẹ́ yẹn. Ó ní, "Àrìnkẹ́, ìwọ nìkan. Bí mo wà láyé, bí mo kú, ìwọ nìkan."

Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú o. Òun ni ìdí ààlọ́ yìí.

Fawziyyah, ọmọ Àrìnkẹ́, ń bá àwọn kan ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Àgọ́ Palace, àwọn tó ń kó èèyàn lọ wo ìlú òkèèrè. Kì í ṣe Mẹ́kà, kì í ṣe ọjà, wọ́n kàn ń lọ wo nǹkan àtijọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá, Táílàǹdì ni wọ́n ń lọ, kí wọ́n lọ wo àwọn tẹ́ńpìlì àti ààfin àwọn ọba wọn ayé ọjọ́un. Ọ̀gá Fawziyyah gbà á láyè pé kó mú ẹnì kan dání, ló bá ní ìyá òun ni.

Àrìnkẹ́ ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò nílé òrìṣà?"

Salimat ló lé e lọ. Òkóta ló ń gbé nígbà náà, nílé Àbdùlgàfár ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ kò ì tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Lọ o jàre. Bàálù ń fò kọjá lórí òrùlé wa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, a ò wọ ọ̀kan rí. Bá mi lọ wò ó, kí o wá rò fún mi."

Ó lọ. Nígbà tó dé, èmi ni mo bá a lọ sọ́dọ̀ Salimat, mo sì jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń rò ó.

"Salimat, òrìṣà tí mo rí, ńṣe ló dùbúlẹ̀! Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fọwọ́ rọrí, bíi bàbá tó jẹun yó. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń dán bíi wúrà. Mo rìn, mo rìn, mi ò tíì rìn dé ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Búdà lorúkọ rẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe sùn lọ́jọ́ ikú rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ yẹn. Ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà."

Salimat ní, "Ó dáa fún un. Kí lo tún rí?"

"Tẹ́ńpìlì kan wà létí odò, ó ga, ó ga. Àfọ́kù àwo ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára látòkè délẹ̀, tí wọ́n fi ya òdòdó."

"Àfọ́kù àwo? Èyí tí àwọn ọmọ Àbdùlgàfár ti fọ́ nínú ilé yìí á kọ́ irú rẹ̀ méjì."

A rẹ́rìn-ín, Salimat fọwọ́ di àyà rẹ̀ mú nítorí ẹ̀rín ń dùn ún. Àrìnkẹ́ ní àwọn ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti mọ́ṣáláṣí. Ó ní abẹ̀bẹ̀ àlùfáà wọn kan jábọ́, ọkùnrin tó fárí, tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Òun he é, òun fọwọ́ méjèèjì nà án sí i, kò gbà á. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ó ní kí òun gbé e lé e, nítorí wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin.

"Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ obìnrin!" ni Salimat wí. "Ta ló wá ń se oúnjẹ rẹ̀?"

"Àwọn obìnrin náà mà ni."

"Ẹ gbà mí o!"

Ìgbà tó wá kan ti Ayútáyà ni Àrìnkẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ìlú ọba ni tẹ́lẹ̀, ogun wọ̀ ọ́, wọ́n fi iná sun ún, ó pa run bí Ọ̀yọ́ Ilé àwọn baba wa. Ère jókòó lọ́wọ̀ọ́wọ́ níbẹ̀, wọ́n ti bẹ́ wọn lórí. Orí kan ṣoṣo wà nínú gbòǹgbò igi, igi hù yí i ká, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí gbogbo wọn lóṣòó kí wọ́n tó ya fọ́tò, kí orí ẹnikẹ́ni má baà ga ju orí náà lọ.

Ó ní, "Salimat, mo wo àwọn tí kò lórí yẹn, wọ́n jọ òkú tí kò rẹ́ni wẹ̀ ẹ́. Àfi bí mo ṣe wẹ̀yìn tí mo rí ìyá arúgbó kan lẹ́bàá igi náà. Ó ń fi aṣọ tútù nu ẹsẹ̀ ère kan, díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe gan-an! N kò mọ̀gbà tí mo kúnlẹ̀. Mo ní, Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ sáyà, ó tẹ orí ba fún mi."

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí Àbdùlgàfár wọlé. Ó kí mi, "Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ o." Kò kí Àrìnkẹ́. Ọmọ tí Àrìnkẹ́ pọ̀n!

Ìyá rẹ̀ ní, "Àbdùlgàfár, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? O ò rí àǹtí rẹ?"

"Mo rí wọn. Gbogbo Ṣógúnlé náà ló rí wọn."

Ló bá na fóònù sí wa. Fọ́tò ni. Fawziyyah ló yà á, òun náà ló fi ìdùnnú fi í ránṣẹ́ láti ọ̀hún sórí Wásáàpù àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àdúrà àsàláátù, pé kí wọ́n wo ìyá òun nílẹ̀ òkèèrè. Kí ojú ìyá rẹ̀ lè hàn dáadáa, ó ti gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà kúrò, ìyá arúgbó sì bá a lọ. Ohun tó kù ni Àrìnkẹ́ lórí orúnkún méjèèjì, ó tẹrí ba, àti orí òkúta yẹn níwájú rẹ̀ nínú igi.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí a pé sí àsàláátù, Fawziyyah mú odindi fọ́tò náà wá. Rodiat, tó ń darí àwa obìnrin, wò ó, ó yínmú.

"Kọ̀ǹpútà wo ló bá ọ ya ìyá arúgbó mọ́ ọn? Ṣebí a rí kìnnìún tó ń jó lórí fóònù lánàá?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Rodiat ní, "Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún ère, kó má fọwọ́ kan òkú ìyá mi."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni fóònù Àrìnkẹ́ ti dákẹ́. Ìyá kan kú nísàlẹ̀ àdúgbò wa níbí, àjèjì ni wọ́n pè kó wá wẹ̀ ẹ́. Àrìnkẹ́ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn búlúù yẹn pẹ̀lú abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ títí wọ́n fi gbé òkú náà kọjá.

Àlùfáà àgbà mọ́ṣáláṣí wa ránṣẹ́ pè é. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́, Àrìnkẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn àwọn èèyàn ò balẹ̀. Wá dúró níwájú wọn lọ́jọ́ Àìkú, ka kálímà ṣàhádà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹ̀sìn. Ó parí."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń kà á lórí ìrun, Àlùfáà. Ṣùgbọ́n tí mo bá lọ kà á bẹ́ẹ̀ yẹn, ṣé n ò ti gbà pé mo kúrò nínú ẹ̀sìn ni? Ìyá àgbàlagbà ni mo kí."

Ó kọ̀. Ọjọ́ Àìkú kan lọ, òmíràn lọ. Salimat ń rù, ó ń gbẹ, omi nìkan ló ń wọnú rẹ̀. Ó ní kí n mú Àrìnkẹ́ wá.

"Àrìnkẹ́, kà á. Kí ló ṣòro níbẹ̀?"

"Irọ́ ló wà níbẹ̀."

"Irọ́ fún ta ni? Ọlọ́run mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ṣé tìtorí Rodiat lo ṣe fẹ́ kí ẹni tí n ò mọ̀ rí wá ṣí àyà mi wò?"

Àrìnkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tó ti di egungun. Ó ní, "Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Mo ṣèlérí."

"Ó dáa. Màá gbìyànjú, màá dúró dè ọ́."

Kò lè dúró. Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó kanrí, ó ti kú. Èmi ni wọ́n pè lórí fóònù, wọn ò pe Àrìnkẹ́. Mo lọ kan ilẹ̀kùn búlúù. Kò sunkún. Ó mú abọ́ rẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Òkóta.

Àbdùlgàfár ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n rí yín fín. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí ibí ti wà nínú ilé."

Àrìnkẹ́ gbé abọ́ kalẹ̀. Àwọn aládùúgbò dúró lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń wò. Ẹ̀yin ọmọ, obìnrin tó pọ̀n ọ́n, tó fọ imú rẹ̀, tó gbá a létí nígbà tó jí ẹran jẹ, kúnlẹ̀ fún un sórí iyanrìn. Ó ka kálímà ṣàhádà jáde ketekete, bí ẹni tí kò kà á rí. Ó ní, "Mo ti kà á, Àbdùlgàfár. Jẹ́ kí n wọlé lọ bá ìyá rẹ."

Àbdùlgàfár pariwo, "Àǹtí, ẹ dìde! Ẹ má pa mí o!" Kí àgbà kúnlẹ̀ fúnni, ta ló lè dúró wò ó? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó da ojú délẹ̀. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Obìnrin kan jáde, ọwọ́ aṣọ rẹ̀ tutù. Ó ní, "A ti parí. Ẹ wá wò ó gbẹ̀yìn." Bó ṣe ń kọjá lára wa, mo gbọ́ ohun tó sọ sétí obìnrin kejì tí wọ́n jọ wẹ òkú: "O rí àyà ìyá yẹn? Ọ̀kan ṣoṣo ló kù." Àrìnkẹ́ náà gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀.

A wọlé. Wọ́n ti di Salimat sínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì wà níta, bí ojú inú igi yẹn. Ìdè òkè orí ló ṣẹ́kù. Wọ́n ní kí Àrìnkẹ́ so ó.

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, Salimat. Mo fẹ́ so aṣọ rẹ." Ó so ó.

Wọ́n ti dá a láre báyìí. Nígbà tí Àlùfáà gbọ́ pé ó ka ṣàhádà ní Òkóta, ó sọ ọ́ ní gbangba pé kò sí àbùkù lára rẹ̀. Rodiat tìkára rẹ̀ wá kanlẹ̀kùn nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Láti inú ilé ni Àrìnkẹ́ ti dá a lóhùn pé kí wọ́n wá ẹlòmíì. Àbdùlgàfár gbé abọ́ náà wá láti Òkóta, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó lọ.

"Mọ́mì àgbà, abọ́ funfun yẹn?"

Ẹ̀n-ẹ́n, Kọ́láolúwa. Èyí tí ẹ fi ń ṣe òpó góòlù.

"Ṣé lóòótọ́ ni wọn ò kúnlẹ̀ fún ère náà?"

Mo ti rò fún ọ bó ṣe rò ó fún wa. Mi ò sí lọ́hùn-ún.

Ààlọ́ mi ti rìn títí, ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn búlúù, ó jókòó síbẹ̀, kò lè wọlé. Ẹ dìde, ẹ gbọn ẹní. Lọ́la, kí ẹ tó gbá bọ́ọ̀lù, ẹ fọ abọ́ yẹn, kí ẹ dà á dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òkúta ni kí ẹ fi ṣe góòlù. Bí ẹ bá sì ń kọjá lọ sùn báyìí, ẹ kí i. Ó lè má dáhùn. Ẹ ṣáà kúnlẹ̀, kí ẹ kí i. Ó yá, ẹ lọ sùn.