Omi Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì

Tí iná bá lọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudu, tí ọmọ mi tan àbẹ́là, tí òórùn rẹ̀ sì kàn mí nímú, àyà mi a já. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Mo kéré nígbà náà. Bàbá mi ni ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní kéú ládùúgbò wa. Adwoa, tí a jọ ń jókòó nílé ìwé, ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ wà lórí àìsàn, wọ́n sì ní àdúrà máa ń gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Adwoa bẹ̀ mí pé kí n wá bá òun bẹ Ọlọ́run. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé e.

Àwo òkúta kan wà lẹ́nu ọ̀nà, omi wà nínú rẹ̀. Kí ni ọmọ ààfáà ń fi omi ẹnu ọ̀nà ṣe bí kò ṣe àlùwàlá? Mo bọ́ bàtà, mo ká apá aṣọ sókè, mo yọ ẹnu, mo fa omi símú, mo bọ́jú. Ìgbà tí mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè ni mo rí i pé gbogbo èèyàn ti dúró ń wò mí. Omi mímọ́ wọn ni, tí wọ́n kàn máa ń ti ìka bọ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ibẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó fi Twi, èdè wọn, béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Adwoa ló dáhùn pé ọmọ màálàmù Alata ni mí; bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. Ìyá náà ní òun mọ̀ ọ́n, òun á wá rí i. A wọlé, mo kúnlẹ̀ ti Adwoa láàárín àwọn àbẹ́là, ohun tí mo ń rò ni pé bàbá mi máa yọ mí nílé ìwé, á dá mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá náà dé. Mo sá sẹ́yìn àpò ìrẹsì. Bàbá mi gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sìn ín jáde, ó wá pè mí.

“Lẹ́yìn àlùwàlá yẹn, ta lo ṣàdúrà fún?”

“Ìyá Adwoa ni, Bàbá.”

Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Kí Ọlọ́run gbà á.” Kò nà mí.

Oṣù yẹn ò tíì parí tí ìyá Adwoa fi kú.

Wọ́n ti tún ṣọ́ọ̀ṣì náà kùn báyìí. Bàbá mi ti di ẹni ilẹ̀. Tema ni Adwoa ń gbé, tí a bá sì pàdé, ó ṣì máa ń dúpẹ́ pé mo bá òun bẹ Ọlọ́run lọ́jọ́ náà. Màá ní kò tọ́pẹ́. N kò tíì lè sọ fún un pé ẹ̀rù bàbá mi ló gba gbogbo ọkàn mi, n kò rántí ìyá rẹ̀ rárá.