Ọjọ́ Tí A Kó Ìwé Ìbí Jáde ní Ghulail

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ní Jẹ́dà tú ìwé ìbí rẹ̀ jáde nínú ọ̀rá, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo kíláàsì. Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni mo ń kọ́ wọn lọ́wọ́. Mo ní kó dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá kíákíá, ohùn mi sì le ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ghulail, àdúgbò kan ní Jẹ́dà níbí, ni wọ́n bí mi sí, nínú àgbàlá kan tí àwọn ìdílé Yorùbá mẹ́fà ń gbé, àwọn tí bàbá wọn wá ṣe Hájì tí kò padà sílé mọ́. Àwọn òbí wa á sọ Yorùbá, àwa á fi Lárúbáwá dáhùn, ìyá mi á sì máa ráhùn pé ahọ́n wa ti ṣáko. Ràfíátù àti ìyá rẹ̀, Àlàájà tó ń din àkàrà tà, ló wà ní yàrá kejì sí tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ni Ràfíátù. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun òrùlé lọ wo ọkọ̀ òfuurufú tó ń kó àwọn arìnrìn-àjò Hájì bọ̀. Ràfíátù náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó kú kí n tó gbọ́njú ń jẹ́, ṣùgbọ́n Ràfíátù pọ̀ ní Ghulail bí ológbò, n kò ro nǹkan kan sí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ààfáà kan tó ń kàwé ní yunifásítì ní Al-Abidiyah, ní Mẹ́kà, máa ń wá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ṣúgà mẹ́rin ló ń fi sínú ife tíì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ yìí, ó ní gbogbo ọmọ tí a bí sáyé, níbikíbi, ló ní ẹ̀tọ́ sí orúkọ.

"Ẹ lọ mú ìwé ìbí yín wá, kí kálukú ka tiẹ̀ síta."

Àwọn ìyá wa kò sí nílé, la bá tú àpótí wọn. Nígbà tó kan Ràfíátù, ó kà á ketekete: orúkọ tirẹ̀, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá. Bàbá mi ni. Ìyá mi ni. Iléèwé obìnrin ló ń lọ, ti ọkùnrin ni tèmi, n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ délẹ̀ rí. Òun náà kò sì mọ orúkọ àbísọ àwọn òbí mi, Bàbá Àlàájì ni gbogbo wọn ń pe bàbá mi.

Mo pariwo: "Irọ́ ni! Ìwé ẹ̀gbọ́n mi tó kú nìyẹn!"

Ràfíátù ká ìwé náà, ó wọlé lọ.

Nígbà tí ìyá mi dé, kò nà mí. Ó kàn jókòó sílẹ̀. "Iléèwé kì í gba ọmọ tí kò ní ìwé. Ọmọ tèmi ti lọ, ìwé rẹ̀ wà nílẹ̀ lásán. Kí n máa wò ó ni?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yàrá kejì ti ṣófo. Ẹ̀rù ti ba Àlàájà pé ọ̀rọ̀ náà á dé iléèwé. Àwọn kan sọ pé àdúgbò Jarwal ní Mẹ́kà ni wọ́n kó lọ, àwọn kan ní wọ́n ti padà sí Nàìjíríà.

Lónìí, inú fóònù ni ìkámà wà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àìní-ìwé kò kúrò nílé ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu, ó sì ń dùn mí, pé ẹ̀tọ́ la ń kọ́ lọ́wọ́ tí mo fi gba ti ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá dé Mẹ́kà, mo máa ń yà sí Jarwal láti bèèrè rẹ̀. Wọ́n á ní kí ni orúkọ rẹ̀. Eléyìí tí mo mọ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ni. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, n kò bi í léèrè rí.