Iná Tí Kì Í Kú

Ère ogun ni ọmọ mi fi ń kí mi láti Rọ́ṣíà. Ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé wa ní Òkè-Ìlá, fọ́tò kan á ti wọlé sórí Wọ́sáàpù: ọkọ̀ ogun onírin tí wọ́n gbé karí òkúta, bàálù tí wọ́n fi òpó gbé sókè, ògiri dúdú tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí lára láti òkè délẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ló lọ kà níbẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sàn ju kó jókòó sí yàrá kó máa ro arò lọ.

Lọ́sẹ̀ kan, iná ló fi ránṣẹ́. Ó ń jó láti inú ilẹ̀, yìnyín sì yí i ká. Ó ní iná náà kì í kú, tọ̀sán tòru. Àwa ìjọ aláṣọ funfun, kí la tún ń wá ju iná Ẹ̀mí Mímọ́ lọ? Mo gbé fóònù tọ ìyá àdúrà wa lọ. Ó bi mí ní orúkọ ọmọ náà àti orúkọ ìyá rẹ̀, bí ẹni pé kò mọ̀ mí rí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, torí orúkọ ìyá la fi ń gbàdúrà fún ọmọ kí àdúrà má baà ṣìnà. A pariwo "Iná!" títí ohùn wa fi há.

Nígbà tí ọmọ mi pè, mo ròyìn àdúrà náà fún un tayọ̀tayọ̀. 

"Mọ́mì, ti àwọn sójà tó kú sógun ni iná yẹn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn."

 Iná òkú la fi gbàdúrà fún ọmọ mi! Síbẹ̀, ohùn rẹ̀ ló tún dẹ́rù bà mí jù. Mo sì ti ń gbọ́ pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ wa lọ sójú ogun lọ́hùn-ún.

"Kí ló ń gbé ọ lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

"Ìwé ìgbélùú mi ti fẹ́ parí. Wọ́n ní bí mo bá wọṣẹ́ ológun, wọn ò ní lé mi. Mo ń lọ wò ó bóyá ọkàn mi á gbà á."

"O ti dá wọn lóhùn?"

"Ọ̀la ni wọ́n ń retí mi."

 Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, mo pariwo mọ́ ọn, Yorùbá ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ sá lọ, èdè ìlú mi ló kù lẹ́nu mi: "Wá s'úlé! Wá s'úlé!" Ó ń sọ fún mi pé kí n má sunkún. Inú bí mi.

"Ògiri tí o fi ránṣẹ́ yẹn, kí ni wọ́n kọ sí i?"

"Orúkọ wọn, Mọ́mì, àti lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ bàbá wọn."

"Orúkọ ìyá wọn ńkọ́?"

 "Kò sí níbẹ̀."

"Ta ló máa wá mọ̀ pé èmi ni mo bí ọ?"

 Ó fi èdè ìlú wa sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó wà ní kékeré:

"Mo fẹ́ wá s'úlé, Mọ́mì."

Fóònù gbóná létí mi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó pa á.